PSA bàbá mi jẹ́ 14.6, Gleason 4+3: ṣé iṣẹ́ abẹ ni àbí ìtànṣán?

ỌmọÀpáta | Ọjọ́ Àìkú, 8:40 alẹ́

Ẹ kú ilé o. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tó ti fẹ́ máa dá wàhálà sílẹ̀ nínú ẹbí wa. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ti gba ibẹ̀ kọjá bá mi dá sí i.

Bàbá mi ti lé ní ẹni ọdún 65. Ó ti ṣe díẹ̀ tí wọ́n ti ń jí tọ̀ léraléra lóru, tí ìtọ̀ náà kì í sì í já geere. Gbogbo wa ń sọ pé àgbà ló dé. Nígbà tí àbúrò wọn tó wà ní Ìjẹ̀bú-Òde kú, tí a sì gbọ́ pé jẹjẹrẹ prostate ni, ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀, ni mo bá mú wọn lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. PSA wọn jẹ́ 14.6. Dókítà fi ìka yẹ ìdí wọn wò, ó ní apá kan níbẹ̀ le. Wọ́n wá fi abẹ́rẹ́ fa ẹran díẹ̀ jáde fún àyẹ̀wò, èsì tó sì jáde ni Gleason 4+3=7.

Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Èkó ní kí wọ́n yọ ọ́ kíákíá, ká má fi falẹ̀. Ìyá mi ní ẹni tí wọ́n bá fi irin kan jẹjẹrẹ rẹ̀ kì í pẹ́, pé abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún Bàbá yẹn gan-an ti lè tú u ká. Bàbá fúnra wọn ní bó bá jẹ́ ìtànṣán ni, kí ẹnì kan kọ́kọ́ là á yé àwọn. Kò sí ẹni tó lè là á nínú wa. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni nọ́ńbà wọ̀nyí ń sọ? Ṣé ó ti tàn ni? Irú ìtànṣán wo ló wà, ibo ni wọ́n sì ti ń ṣe é?

Nọ́ọ̀sì Yemẹtu | Ọjọ́ Àìkú, 9:55 alẹ́

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ bá mi kí Bàbá àti Màmá. Ẹ̀ka tí wọ́n ti ń tọ́jú jẹjẹrẹ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, màá sọ èyí tí mo mọ̀, àmọ́ dókítà tó ní fáìlì Bàbá lọ́wọ́ ló ni àṣẹ.

Ẹ má tíì yan nǹkan kan. Ìwé tó wà lọ́wọ́ yín kò tíì pé. Nǹkan mẹ́ta ni dókítà máa ń kó pọ̀ kó tó sọ bí ewu ṣe pọ̀ tó, méjì lẹ ní.

Èkíní ni PSA, èròjà kan tí wọ́n ń wò nínú ẹ̀jẹ̀. Prostate fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é, yálà àrùn wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Bí prostate bá kàn wú nítorí ọjọ́ orí, tàbí tí kòkòrò bá wọ ọ̀nà ìtọ̀, ó lè lọ sókè. Ọ̀pọ̀ láàbù ló ń fi 4 ṣe ààlà, ṣùgbọ́n tí jẹjẹrẹ bá ti fojú hàn, ohun tí à ń wò ni bóyá kò kọjá 10, bóyá ó wà láàárín 10 sí 20, tàbí ó lé ní 20. Ti Bàbá wà láàárín.

Èkejì ni Gleason. Dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Donald Gleason, ló gbé e kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1960. Wọ́n á gbé ẹran tí wọ́n fà jáde sábẹ́ ẹ̀rọ amúǹkantóbi, wọ́n á sì wo bí ó ṣe tò. Ẹ rò ó bí oko iṣu: níbi tí wọ́n bá kọ 3 sí, ebè ṣì wà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kàn kéré ni, ní 4, àwọn ebè ti ń wọnú ara wọn, ní 5, ebè ti fọ́ pátá, kò sí ìlà mọ́. Nọ́ńbà tó ṣáájú ni èyí tó pọ̀ jù nínú ẹran náà, èyí tó tẹ̀ lé e ni èyí tó pọ̀ ṣìkejì. Ìdí nìyí tí 4+3 àti 3+4 kò fi jọra rárá, bẹ́ẹ̀ 7 ni àwọn méjèèjì. Ní 3+4, èyí tó rọ̀ ló pọ̀ jù. Ní 4+3, èyí tó le ló pọ̀ jù. Ẹ yẹ ìwé náà wò, ẹ ó rí i tí wọ́n kọ Grade Group sí i. 3+4 ni Group 2, 4+3 ni Group 3. Mo ń tẹnu mọ́ èyí nítorí mo ti rí ọ̀pọ̀ ẹbí tó ń sọ pé "7 ni ti lágbájá náà, abẹ́rẹ́ kan kò sì gbà", tí nǹkan tí wọ́n ń sọ kò sì jọra.

Ẹ̀kẹta, èyí tí ẹ kò tíì ní, ni ibi tó dé. T1 ni èyí tí ìka kò lè mọ̀, PSA ló tú u fó. T2 ni èyí tí ìka kàn, ṣùgbọ́n tó ṣì wà nínú prostate nìkan. T3 ti la èèpo prostate jáde tàbí ó ti wọ àpò àtọ̀. T4 ti mú àpò ìtọ̀ tàbí ìfun ìdí. Lẹ́yìn náà, wọ́n á wò ó bóyá ó ti wọ àwọn kókó inú abẹ́ ikùn, èyí ni N, àti bóyá ó ti lọ jìnnà, èyí ni M. Egungun ló sábà máa ń sá lọ: ọ̀pá ẹ̀yìn, ìbàdí, itan, egungun ìhà.

Èyí tó bá burú jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń pinnu ẹgbẹ́ téèyàn wà. Bí nǹkan ṣe wà yìí, Bàbá kò lè sí ní ẹgbẹ́ tí ewu rẹ̀ kéré. Àárín ni wọ́n wà, lápá ibi tó le nínú àárín, bí ẹ̀rọ kò bá bá nǹkan mìíràn níta. Nítorí náà, MRI abẹ́ ikùn, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, àti bone scan, èyí tó ń ya àwòrán egungun, ló kàn.

Ní ti Màmá: abẹ́rẹ́ àyẹ̀wò kì í tú jẹjẹrẹ prostate ká. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn wa ló jẹ́ pé ó ti dé egungun kí wọ́n tó wá, tí wọ́n bá wá kú lẹ́yìn àyẹ̀wò, abẹ́rẹ́ ni wọ́n á di ẹ̀bi rù. Ẹ̀jẹ̀ lè bá ìtọ̀ tàbí àtọ̀ jáde lẹ́yìn rẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kò ṣe nǹkan. Ibà tàbí òtútù tó ń gbọ̀n wọ́n ni kí ẹ fi sáré padà sílé ìwòsàn, kódà kó jẹ́ òru.

Ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n yín ní Èkó pé ìrú eléyìí kì í ṣe ohun tí à ń yanjú láàárín ọjọ́ méjì. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan láti fi parí àyẹ̀wò kò ba nǹkan kan jẹ́. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni kí wọ́n gbé ìwé náà pa mọ́ fún ọdún kan.

Ọlọ́jà Bẹ́ẹ̀rẹ̀ | Ọjọ́ Àìkú, 10:20 alẹ́

Ẹ ṣeun Nọ́ọ̀sì. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọkọ mi ń mu àgbo kan tí wọ́n ń tà lọ́jà, ìtọ̀ wọn sì ti ń já dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣé kí wọ́n ṣì lọ yẹ PSA wò? Wọ́n ní ara àwọn ti yá.

Láàbù Ring Road | Ọjọ́ Ajé, 6:15 àárọ̀

Ẹ jẹ́ kí n bá yín fèsì sí èyí mà, torí iṣẹ́ mi ni.

Kí wọ́n lọ. Kí ìtọ̀ máa já dáadáa kò fi hàn pé jẹjẹrẹ kò sí. Lápá ẹ̀yìn prostate, níbi tó jìnnà sí ojú ọ̀nà ìtọ̀, ni jẹjẹrẹ ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, ó sì lè dàgbà níbẹ̀ fún ọdún púpọ̀ láìdí ìtọ̀ lọ́wọ́. Wíwú tí ń dí ìtọ̀ lọ́wọ́, èyí tó wọ́pọ̀ lára àwọn àgbàlagbà ọkùnrin, kì í ṣe jẹjẹrẹ, kì í sì í di jẹjẹrẹ. Àmọ́ ọkùnrin kan náà lè ní méjèèjì.

Ohun tó ń kó mi lọ́kàn sókè jù ni pé àwọn èèyàn kì í sọ oògùn tí wọ́n ń lò fún wa. Finasteride àti dutasteride, tí dókítà máa ń fún ẹni tí prostate rẹ̀ wú, máa ń gé PSA sí bí ìdajì tí wọ́n bá ti lò ó fún bí oṣù 6. Ẹni tí ìwé rẹ̀ sọ pé 3, bí 6 ló yẹ kí dókítà kà á sí. Tí wọ́n bá wá po irú oògùn bẹ́ẹ̀ mọ́ àgbo tí kò ní àkọlé, ta ló máa mọ̀? Ẹ kó ohun tí wọ́n ń mu dání, ìgò àti ìwé rẹ̀, kí ẹ sì fi han dókítà.

Ẹ má ṣe àyẹ̀wò náà nígbà tí ìtọ̀ bá ń ta wọ́n tàbí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tọ́jú kòkòrò ọ̀nà ìtọ̀. Ẹ dúró fún bí ọ̀sẹ̀ 6. Kí wọ́n má bá aya wọn ṣe fún ọjọ́ 2 ṣáájú, kí wọ́n má sì gun kẹ̀kẹ́. Láàbù kan náà ni kí ẹ máa lò tí ẹ bá fẹ́ fi nọ́ńbà òní wé ti àná.

Bàbá Ìdí-Àpẹ́ | Ọjọ́ Ajé, 9:30 àárọ̀

ỌmọÀpáta, ọmọ mi, Ọlọ́run á wo bàbá rẹ sàn. Ìtànṣán ni mo gbà. Jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí, kó o lè ka á fún bàbá rẹ kí ọkàn wọn balẹ̀.

Ìdí-Àràbà ní Èkó ni mo ti gbà á, ní ilé ìtọ́jú jẹjẹrẹ NSIA-LUTH tí wọ́n ṣí ní 2019. Mo wọ̀ sọ́dọ̀ ọmọ mi ní Sùúrùlérè títí tí mo fi parí. Ṣáájú ohunkóhun, wọ́n gbé mi sórí ẹ̀rọ tó ń ya inú ara, wọ́n sì fi abẹ́rẹ́ kékeré sàmì mẹ́ta sí mi lára bí ẹní kọ ilà, ọ̀kan lábẹ́ ìdodo, ọ̀kan ní ìbàdí lápá kọ̀ọ̀kan. Àmì náà kò tó orí abẹ́rẹ́, ó ṣì wà níbẹ̀ di òní. Ọjọ́ tí mo bá lọ, iná tẹ́ẹ́rẹ́ pupa kan á ti ara ògiri jáde, àwọn ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ á sún ìdí mi díẹ̀díẹ̀ títí iná yẹn fi bọ́ sórí àmì gan-an. Lẹ́yìn náà wọ́n á jáde, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, ẹ̀rọ á yí mi po. Kò dùn mí, kò gbóná, n kò rí nǹkan kan. Ó máa ń pé ìṣẹ́jú díẹ̀, ó tán.

Ohun tó le níbẹ̀ ni ìtọ̀. Wọ́n ní kí àpò ìtọ̀ kún, kí ìfun ìdí sì ṣófo. Ìdí rẹ̀ ni pé tí àpò ìtọ̀ bá kún, yóò ti ìfun kúrò lọ́nà ìtànṣán, prostate náà á sì wà lójú kan. Wọ́n á fún mi lómi mu, màá jókòó dúró. Bí ẹ̀rọ bá pẹ́ díẹ̀ sára ẹni tó wà níwájú mi, ẹ ò lè mọ ìyà tó jẹ mí. Lọ́jọ́ kan wọ́n rí i lórí ẹ̀rọ pé afẹ́fẹ́ kún inú ìfun mi, wọ́n ní kí n dìde lọ rìn kiri kó lè jáde. Láti ọjọ́ náà ni mo ti pa ẹ̀wà àti mọ́ínmọ́ín tì títí mo fi parí. Ẹ̀kọ gbígbóná àti ẹja díẹ̀ ni mo ń jẹ láàárọ̀.

Nígbà tó dé àárín, ìtọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ta mí, mo sì ń lọ ilé ìgbẹ́ léraléra. Àárẹ̀ wá dé, kì í ṣe àárẹ̀ tí oorun ń tán. Lẹ́yìn tí mo parí, ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ó tó lọ. Nísinsìnyí, tí mo bá fẹ́ lọ yẹ ara wò, ọkọ̀ ojú irin ni mo máa ń wọ̀ ní Mọ́níyà títí dé Ẹ̀búté-Mẹ́ta. Ó rọrùn fún ẹni tó ti dàgbà ju ọ̀nà mọ́tò lọ.

Sọ fún bàbá rẹ pé Nelson Mandela gba ìtànṣán fún nǹkan kan náà ní 2001, ọ̀sẹ̀ 7 ni, ó sì ti lé ní ẹni ọdún 80 nígbà náà. 2013 ló kú, ní ẹni ọdún 95. Wọ́n sọ fún Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Desmond Tutu ní 1997 pé òun náà ní in, 2021 ló kú, ní ẹni ọdún 90.

Ará Manchester | Ọjọ́ Ajé, 1:05 ọ̀sán

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọmọ Agodi ni mí, ilé ìwòsàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí. Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún ọ̀rọ̀ Bàbá Ìdí-Àpẹ́.

Ìwádìí kan wáyé níbí tí wọ́n ń pè ní ProtecT. Wọ́n pín àwọn ọkùnrin 1,643 tí jẹjẹrẹ wọn ṣì wà nínú prostate sí mẹ́ta: iṣẹ́ abẹ, ìtànṣán, àti kí wọ́n kàn máa ṣọ́ ọ. Lẹ́yìn ọdún 15, nǹkan bí 97 nínú 100 ni jẹjẹrẹ yẹn kò pa, ọ̀nà yòówù kí wọ́n pín wọn sí. Ìdí tí mo fi mú un wá ni pé tó bá jẹ́ inú prostate ló wà, kò sí ẹni tó yẹ kó lé Bàbá sáré wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Àmọ́ ẹ má fi tán gbogbo ọ̀rọ̀ o. Òyìnbó ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo àwọn ọkùnrin náà, ewu ọ̀pọ̀ wọn sì kéré ju ti Bàbá lọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, ọkùnrin 1 nínú 8 ni prostate máa ń mú. Nínú àwa aláwọ̀ dúdú, 1 nínú 4 ni.

Iye ìgbà tí wọ́n á gba ìtànṣán ti yí padà. Látijọ́, ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ 7 sí 8, ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀. Ìwádìí CHHiP tó jáde ní 2016 fi hàn pé 60 Gy (Gy ni òṣùwọ̀n ìtànṣán) tí wọ́n pín sí ìgbà 20 láàárín ọ̀sẹ̀ 4 kò kéré sí 74 Gy ní ìgbà 37. Ẹ ro ohun tí èyí jẹ́ fún ẹni tó ń ti Ìbàdàn lọ háyà yàrá l'Ékòó. Èyí tó tún kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ wà, ìgbà 5 péré, wọ́n ń pè é ní SBRT. Ẹ̀rọ tó péye gan-an ló ń béèrè, àwọn tí ewu wọn kéré tàbí tó wà ní àárín ni wọ́n sì fi dán an wò.

Irú mìíràn ni brachytherapy, tí wọ́n á ti inú prostate fúnra rẹ̀ tan ìtànṣán. Nínú ọ̀kan, wọ́n á gbin àwọn hóró iodine-125 kéékèèké sínú rẹ̀, wọ́n á sì fi wọ́n síbẹ̀ títí ayé. Agbára wọn ń dín sí ìdajì ní bí ọjọ́ 60. Nínú èkejì, wọ́n á ti ọ̀pá oníhò tín-ín-rín wọlé, orísun iridium-192 á gba inú rẹ̀ kọjá fún ìṣẹ́jú mélòó kan, wọ́n á sì yọ ọ́ kúrò. Ẹni tí ìtọ̀ rẹ̀ ti ń há gan-an, tàbí tí prostate rẹ̀ tóbi jù, hóró kì í sábà bá a lára mu.

ỌmọÀpáta | Ọjọ́bọ̀, 7:20 alẹ́

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún Bàbá lójú Màmá. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ti Mandela ni wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

A ti ṣe bone scan ní ẹ̀ka nuclear medicine ní ilé ìwòsàn UCH n'Íbàdàn, kò sí nǹkan nínú egungun. MRI ní ó wà nínú prostate, kò tíì la èèpo, T2b ni wọ́n kọ. Àwọn kókó náà mọ́. Dókítà ní Bàbá lè yan èyí tí wọ́n bá fẹ́ nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá yan ìtànṣán, wọ́n á gba abẹ́rẹ́ họ́mónù mọ́ ọn fún bí oṣù 6. Kí ni abẹ́rẹ́ yìí wà fún? Ìbéèrè mìíràn tí Bàbá ò lè bi dókítà lójú mi: ṣé wọ́n á ṣì lè ṣe bí ọkùnrin?

Nọ́ọ̀sì Yemẹtu | Ọjọ́bọ̀, 9:00 alẹ́

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Èsì yìí dára.

Họ́mónù ọkùnrin, testosterone, ni jẹjẹrẹ prostate ń jẹ dàgbà. Charles Huggins ló fi hàn ní 1941, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 1966. Abẹ́rẹ́ náà á dá họ́mónù yẹn dúró, àrùn náà á rọ, ìtànṣán á sì lè pa á dáadáa. Fún ẹni tó wà níbi tí Bàbá wà, oṣù 4 sí 6 ni wọ́n sábà máa ń lò. Tí ewu bá pọ̀, bíi Gleason 8 sí 10 tàbí T3, ó lè tó oṣù 18 sí 36. Oríṣi kan wà tí wọ́n ń gún lóṣooṣù, òmíràn lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta. Abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ máa ń kọ́kọ́ ti họ́mónù lọ sókè fún ìgbà díẹ̀, nítorí náà ni wọ́n ṣe máa ń fi oògùn oníhóró bíi bicalutamide ṣáájú rẹ̀. Ẹ rí i pé Bàbá kò fo èyí.

Ooru á máa dé sí wọn lójijì, ikùn lè yọ, egungun á máa rọ̀. Ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ àbójútó. Kí wọ́n máa rìn lójoojúmọ́, ìdí pàtàkì ni.

Ní ti ìbéèrè kejì, ẹ jẹ́ kí dókítà bá Bàbá nìkan sọ̀rọ̀, ẹ jáde síta. Tí abẹ́rẹ́ bá wà lára wọn, ìfẹ́ sí obìnrin á lọ sílẹ̀ gan-an. Lẹ́yìn rẹ̀, ó máa ń padà díẹ̀díẹ̀ lára ọ̀pọ̀, ó máa ń pẹ́. Iṣẹ́ abẹ lè gba agbára náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kó tún mú kí ìtọ̀ máa jò. Ìtànṣán kì í sábà mú ìtọ̀ jò, ṣùgbọ́n agbára lè máa dín kù láàárín ọdún mélòó kan. Oògùn wà fún un, kí wọ́n má tijú bèèrè.

Ẹ tún rántí èyí: bí àrùn bá padà yọ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, wọ́n lè fi ìtànṣán tẹ̀ lé e. Iṣẹ́ abẹ lẹ́yìn ìtànṣán nira púpọ̀.

Ìyá Ìbejì Mọ́kọ́lá | Ọjọ́bọ̀, 10:10 alẹ́

Màá sọ̀rọ̀ fún Màmá. Ìyàwó ẹni tó gba abẹ́rẹ́ yẹn ni mí.

Mà, tí Bàbá bá bẹ̀rẹ̀ sí bínú lórí ohun tí kò tó nǹkan, tàbí tí omi bá bọ́ lójú wọn láìnídìí, abẹ́rẹ́ ló ń ṣe é, kì í ṣe ẹ̀yin ni wọ́n ń bá jà. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Ooru máa ń mú ọkọ mi lóru débi tó máa ń dìde lọ jókòó sí ìta. Ẹ gbé fáànù sún mọ́ wọn, ẹ má da aṣọ púpọ̀ bò wọ́n.

Owó náà wà níbẹ̀ o. Níbi tí ọkọ mi ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, n kò ní dárúkọ wọn, ẹ̀rọ wọn bàjẹ́ nígbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí ṣe é, a sì dúró títí. Kò yẹ kí ìtànṣán máa dá dúró bẹ́ẹ̀ láàárín. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ bèèrè: ṣé ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́? Tó bá kọṣẹ́, ibo lẹ máa gbé wọn lọ? Ẹ tún bèèrè nípa Cancer Health Fund ti ìjọba àpapọ̀, prostate wà lára ohun tó wà fún. Ọ́fíìsì àwọn tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ aláìsàn ní ilé ìwòsàn ni kí ẹ lọ.

Nọ́ọ̀sì Yemẹtu | Ọjọ́bọ̀, 10:35 alẹ́

Ìyá Ìbejì ti wí i. Màá fi ọ̀kan kún un: ẹ bèèrè irú ẹ̀rọ tó jẹ́. Ẹ̀rọ cobalt, tí irin cobalt inú rẹ̀ fúnra rẹ̀ ń tan ìtànṣán, ni àwọn èèyàn Ìbàdàn mọ̀ jù láti ọjọ́ pípẹ́. Ó ti gba ẹ̀mí púpọ̀ là, ẹni tí egungun ń dùn kò sì nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ inú lọ́hùn-ún ni prostate wà, láàárín àpò ìtọ̀ àti ìfun. Kí wọ́n tó lè da ìtànṣán púpọ̀ sí i láìjó àwọn aládùúgbò rẹ̀, ẹ̀rọ linac tó lè gé ìtànṣán bá ìrísí prostate mu, èyí tí wọ́n ń pè ní IMRT, ló dára jù. Agbára cobalt tún ń dín sí ìdajì ní bí ọdún 5 àti oṣù 3, bó bá ti ń gbó ni èèyàn á máa pẹ́ sí i lórí ibùsùn. Ẹ bi wọ́n: Gy mélòó? Ìgbà mélòó? Ṣé ẹ máa ń ya àwòrán lójoojúmọ́ kí ẹ tó tan án?

Ọmọ Odínjó | Ọjọ́ Ẹtì, 5:45 àárọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀. Wọ́n ti sọ fún bàbá mi tipẹ́ pé prostate wọn ti wọ egungun. Ẹ̀yìn ti ń dùn wọ́n látọ̀sẹ̀ tó kọjá, lónìí wọ́n ní ẹsẹ̀ àwọn ń kú, wọn ò lè dìde dáadáa. Ṣé kí n ra oògùn ara ríro ni?

Nọ́ọ̀sì Yemẹtu | Ọjọ́ Ẹtì, 5:52 àárọ̀

Rárá o. Ẹ gbé wọn lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì nísinsìnyí, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ó ṣeé ṣe kí àrùn náà máa tẹ ọ̀pá ọ̀rá inú ẹ̀yìn wọn. Tí wọ́n bá tètè fún wọn ní oògùn àti ìtànṣán, ẹsẹ̀ lè padà. Tí wọ́n bá pẹ́, ó lè rọ títí lọ. Ẹ sọ fún wọn lẹ́nu ọ̀nà pé "jẹjẹrẹ prostate, ẹ̀yìn ń dùn, ẹsẹ̀ ń kú". Kí wọ́n dùbúlẹ̀ nínú ọkọ̀, ẹ má gbé wọn sórí ọ̀kadà. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ yín.

Ọmọ Odínjó | Ọjọ́ Ẹtì, 2:30 ọ̀sán

Wọ́n ti gbà wọ́n. Wọ́n ti fún wọn ní abẹ́rẹ́, wọ́n ń ṣètò ìtànṣán sí ẹ̀yìn. Ẹ ṣeun mà. Ọlọ́run á san án fún yín.

ỌmọÀpáta | Ọjọ́ Ẹtì, 8:15 alẹ́

Ọlọ́run á gbé bàbá yẹn dìde. Àmín.

Bàbá mi ti yan ìtànṣán. Màmá ló sọ pé òun á tẹ̀ lé wọn lọ sí Èkó. Ìbéèrè méjì ló kù. Àwọn ọmọ-ọmọ wọn ń bẹ̀rù, wọ́n ní àwọn gbọ́ pé ìtànṣán máa ń ràn. Èkejì, èmi gan-an ti lé ní ẹni ọdún 40, bàbá mi àti àbúrò wọn ló ní in. Ìgbà wo ló yẹ kí n yẹ ara mi wò?

Ará Manchester | Ọjọ́ Ẹtì, 9:40 alẹ́

Èyí tí ẹ̀rọ ń tan láti ìta kì í dúró sára. Bí Bàbá bá ti jáde nínú yàrá yẹn, kí wọ́n gbé ọmọ-ọmọ wọn mọ́ra. Hóró tí wọ́n ń gbìn nìkan ni wọ́n fi ń sọ pé kí ọmọdé má jókòó lé wọn lẹ́sẹ̀, kí aboyún má sì sún mọ́ wọn jù, fún bí oṣù 2.

Ní ti yín, ẹ lọ nísinsìnyí. Ẹni tí bàbá rẹ̀ tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin bá ní in, ewu tirẹ̀ tó ìlọ́po méjì ti ẹlòmíràn. Aláwọ̀ dúdú tún ni yín. Ẹ má dúró de 50. Ẹ tún bèèrè lápá ìyá: tí jẹjẹrẹ ọmú tàbí ti ilé ẹyin bá wà láàárín àwọn obìnrin ilé yín, ẹ sọ fún dókítà, nítorí àbùkù kan náà nínú BRCA2, àbùdá kan tí à ń jogún, lè fa ti obìnrin, kó sì fa prostate ọkùnrin, tó sì máa ń le.

Bàbá Ìdí-Àpẹ́ | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7:00 àárọ̀

Ọmọ mi, kí n tó gbàgbé. Lẹ́yìn ìtànṣán, PSA kì í bọ́ sílẹ̀ lójú kan náà. Ti ẹni tí wọ́n yọ prostate rẹ̀ á bọ́ sí òdo tán. Tiwa ń rọra lọ sílẹ̀ láàárín oṣù tàbí ọdún, nígbà mìíràn á tún fò sókè díẹ̀, á tún wálẹ̀. Àyà mi já nígbà tí tèmi fò. Dókítà ní kí n má bẹ̀rù, pé kí ó tó jẹ́ pé àrùn ń padà bọ̀, ó gbọ́dọ̀ fi 2 lé ibi tó ti lọ sílẹ̀ jù. Kọ nọ́ńbà tó kéré jù yẹn sílẹ̀ nígbà tí tiwọn bá dé ibẹ̀.

Ọ̀kan tún kù. Tí ẹ̀jẹ̀ bá ń yọ nígbà tí wọ́n bá yàgbẹ́ lẹ́yìn ọdún kan tàbí méjì, kí wọ́n lọ sọ fún dókítà tó ṣe ìtànṣán fún wọn. Bí ẹnikẹ́ni mìíràn bá fẹ́ fi ẹ̀rọ wo ìdí wọn, kí wọ́n kọ́kọ́ sọ pé àwọn ti gba ìtànṣán sí prostate rí, kí ó má lọ gé ẹran níwájú ìfun yẹn fún àyẹ̀wò, torí ó lè dá ihò sí i tí kò ní jinná bọ̀rọ̀. Tèmi wà nínú ìwé kékeré kan tí mò ń mú lọ sí ilé ìwòsàn gbogbo.

ỌmọÀpáta | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7:25 àárọ̀

Ẹ ṣé, Bàbá. Mò ń ra ìwé yẹn lónìí. Gbogbo PSA wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ ni màá kọ sí ojú ìwé àkọ́kọ́, màá sì kọ orúkọ ẹ̀rọ àti iye Gy sí èkejì.